Ewúro Tí Kò Korò Mọ́

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gbé èyí tó kàn wá," ni Ẹlẹ́rìí wí.

Ẹ̀rọ yẹn mọ ìkíni jù. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé e wá sí Ilé Ìwọ̀n Òkè-Ìbòòji, kò gbàgbé ìkíni lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ìkíni náà kò ti inú rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Á kí ọ kú iṣẹ́, á kí ọ kú ooru, lẹ́yìn náà á fi ohùn dídùn kan náà sọ pé kí wọ́n pa omi oko bàbá rẹ. Ìbíyẹmí ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́ tó fi jẹ́ pé kì í dá a lóhùn mọ́. Ó kàn gbé ìgò wẹ́ẹ́rẹ́ kan tí omi àlùkò wà nínú rẹ̀ síwájú ojú dígí ẹ̀rọ náà, ó sì kán omi ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún sí i.

Omi àlùkò kì í purọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn olùwọ̀n nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n débẹ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kó irú ìpáàrà tí oòrùn ń fà, tó ń jẹ ara èèyàn, sí, wọ́n sì dè é mọ́bẹ̀. Ewé tó bá lè mú ìpáàrà á mú un, àwọ̀ omi náà á sì ṣá. Èyí tí kò bá lè mú un, omi á dúró bó ṣe wà, á pọ́n dúdú bí omi ìṣápá tó pẹ́ lórí iná.

Èyí ṣá. Kí Ìbíyẹmí tó mí lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di àwọ̀ ìyeyè.

"Ewé yìí lágbára. Ẹ kú oríire. Ẹ ṣí omi sí oko rẹ̀ títí di ìwọ̀n tó ń bọ̀."

Lẹ́yìn aṣọ dúdú tí wọ́n ta sójú fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ omi ẹnì kan dún, ó sì tún dún. Gbogbo àgbẹ̀ ló ń gbé irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn. Iná kékeré kan tí oòrùn ń fún lágbára wà lójú rẹ̀. Bí iná náà bá ṣì ń tàn, omi ìjọba ń lọ sí oko rẹ nìyẹn. Bó bá kú, oko rẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn, nítorí òjò tó ń rọ̀ láyé ìsinsìnyí kò tó fi bọ́jú. Ọkùnrin kan pariwo níta, ohùn àgbàlagbà.

"Ẹ̀yin ará inú ibẹ̀ yẹn, n ò mọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ mí, àmọ́ Ọlọ́run á ṣe é fún yín o! Ẹ̀fínrín mi ò kú o!"

Ọ̀gá Akínfẹ́nwá, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn tábìlì, rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun ni olórí àwọn olùwọ̀n, ọkùnrin gíga tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, tí bàtà rẹ̀ kì í dún.

"Bàbá ẹlẹ́fínrín máa jó délé lónìí," ló wí. "Ìbíyẹmí, ọwọ́ ẹ dáa."

Inú Ìbíyẹmí dùn. Iṣẹ́ yẹn kì í sábà mú inú èèyàn dùn, àmọ́ nígbà tó bá ṣe é, a máa jẹ́ kó gbàgbé àwọn oko tó ti pa omi wọn. Ó na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ dúdú, ó fa abọ́ tó kàn wọlé, ara rẹ̀ sì bù máṣọ.

Abọ́ tánganran ni, aláwọ̀ ewé. Etí rẹ̀ kan ti hó, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló jù ú sílẹ̀ lójú kànga nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sunkún wọlé, tí ìyá rẹ̀ sọ pé abọ́ kọ́ lòun bí, kó lọ fọ ojú rẹ̀. Àkísà àdìrẹ tí wọ́n fi bò ó, ara ìró ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ya á. Kò sí orúkọ lára abọ́ náà, nítorí òfin kò fẹ́ orúkọ. Àmọ́ kí ni orúkọ fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Àwọn olùwọ̀n mọ òfin yẹn bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀: ẹni tó bá mọ abọ́, kó nawọ́ sókè. Wọ́n á gbé abọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí di ìwọ̀n mìíràn lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n á sì pa omi oko náà títí di ìgbà yẹn. Òfin yẹn dára lójú, kò fẹ́ ojúsàájú, àmọ́ oòrùn tó wà níta kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró de ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan tó ń jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nawọ́ nígbà kan nítorí abọ́ àbúrò bàbá rẹ̀. Kí wọ́n tó tún wọ̀n, oko ọkùnrin náà ti di eruku, òun fúnra rẹ̀ sì ti wá ń tò lábẹ́ Àtíbàbà, aṣọ ńlá tí wọ́n ta bo ìlú nítorí oòrùn, pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó ń retí kí wọ́n bu agbo ìjọba fún òun. Ẹni tó bá sì mọ abọ́ tí kò nawọ́, bí wọ́n bá mọ̀, gbogbo ohun tó wọ̀n lọ́jọ́ náà di òfo. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bàbá ẹlẹ́fínrín náà á délé, á bá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní òkú.

Ìbíyẹmí kò nawọ́. Ká sọ òótọ́, kò tilẹ̀ rò ó pẹ́. Kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù? Ewúro ìyá rẹ̀ mà ni! Ìyá ìyá rẹ̀ ló gé ọ̀pá àkọ́kọ́ gbìn sí ilẹ̀ yẹn nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, ọ̀pá yẹn náà ni wọ́n sì ń gé gbìn láti ìgbà náà. Ní ìwọ̀n tó kọjá, tábìlì ẹlòmíràn ló bọ́ sí, omi àlùkò sì ti ṣá kí Ẹlẹ́rìí tó kí wọn tán. Ìbíyẹmí rò ó pé kí òun wọ̀n ọ́n kíá, kí òun ti abọ́ náà padà sábẹ́ aṣọ, kí Màmá gbọ́ kó dún, kó sì máa lọ sílé kí oòrùn tó mú.

Ó ká àkísà náà kúrò lórí rẹ̀.

Ewé inú abọ́ náà mọ́. Ó mọ́ jù. Kò sí iyanrìn níbẹ̀, kò sí ewé gbígbẹ, kò sí èèpo. Wọ́n ti fi iyọ̀ gbo ó, wọ́n ti ṣàn án, wọ́n ti fún un ní ìṣù kéékèèké, wọ́n sì tò ó rèǹtèrente bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé e fún àna. Ìbíyẹmí gbé e sí imú, kò gbọ́ òórùn kankan. Nígbà tí Ọ̀gá Akínfẹ́nwá kọ̀yìn, ó já díẹ̀ sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó dúró, ó ń retí. Kò korò rárá.

"Màmá," ló wí nínú ara rẹ̀. "Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

Ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe. Kò sí obìnrin tó mọ ewúro fọ̀ bí ìyá rẹ̀ ní gbogbo apá ibẹ̀. Nígbà tí àwọn àna wá tọrọ Ìbíyẹmí, omi ṣì wà láyé tí èèyàn lè dà nù. Láti ìdájí ni ìyá náà ti jókòó ti ọpọ́n, ó ń gbo ewúro, ìfófó bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń da omi nù, ó ń bu òmíràn, títí omi fi mọ́ gaara lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àna jẹun tán, wọ́n ń bi ara wọn bóyá tẹ̀tẹ̀ ni. Títí dòní, bí ìyá náà bá ń sọ ọ́, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ìdí igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń da omi ìfọ̀ yẹn sí, gbogbo kíkorò ewúro náà a sì bá a lọ síbẹ̀. Kíkorò yẹn sì ni agbára rẹ̀, òun ló ń mú ìpáàrà. Bó bá jẹ́ pé igi náà ń gbé ẹ̀gbà ìwọ̀n sọ́wọ́ bíi tèèyàn, èyí tí òkúta rẹ̀ ń pọ́n bí ìpáàrà bá ń jẹni, ti igi ìbẹ́pẹ ilé wọn kì bá pọ́n láéláé.

Àmọ́ ìyá náà kì í fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí ojú ọ̀run ti funfun, tí òkúta ara ẹ̀gbà ọwọ́ gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní àwọ̀ ewé, tó ń lọ sí àwọ̀ irin tó dógùn-ún, tútù ló ń jẹ ewúro rẹ̀. Á já a, á gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù, á máa jẹ ẹ́ lọ nínú oko, á sì máa fúnjú pọ̀ bí ọmọdé tí wọ́n fún ní oògùn. Ìdí nìyẹn tí òkúta rẹ̀ fi ṣì ní àwọ̀ ewé, nígbà tí ti àwọn aládùúgbò tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ti pọ́n.

Kí ló wá dé tó fi fọ èyí? Ìbíyẹmí mọ̀. Ì bá wù ú kó má mọ̀.

Òun ló fà á. Ní ìwọ̀n tó kọjá yẹn, ọkùnrin tó ń gba abọ́ wọlé rí ìgbín kékeré kan láàárín ewúro náà. Ó mú un sókè, ó ń fi han gbogbo wọn. "Ẹ wá wò ó o, ará oko yìí fi ẹran kún un fún wa!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín ju àwọn tó kù lọ, kí wọ́n má baà mọ̀ pé abọ́ ìyá òun ni. Nígbà tó wá lọ sóko kí ìyá rẹ̀, kò sọ fún un pé omi ṣá, kò kí i kú oríire. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyí.

"Màmá, ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan síwájú èèyàn nìyẹn? Pẹ̀lú iyanrìn, pẹ̀lú ìgbín? Wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín! Ojú tì mí débi pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì."

Ewé ni ìyá rẹ̀ ń já lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Mo ti gbọ́, Àwẹ̀ró," ló wí, ó fi oríkì pè é. "Kò ní tì ọ́ lójú mọ́."

"Ẹ kú ìdúró o," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí," ni Ìbíyẹmí dá a lóhùn, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun dáhùn.

Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kan ewé. Ewúro ni. Ìyá rẹ̀ fi rán aládùúgbò kan tó ń bọ̀ nígboro sí i lánàá, ó wé e sínú ewé ògẹ̀dẹ̀, Ìbíyẹmí sì kó díẹ̀ dání láti jẹ kó tó jáde sí oòrùn ọ̀sán. Oko kan náà ni, igi kan náà ni, iyanrìn oko náà ṣì wà lára rẹ̀. Kò ní ju kó kọ̀yìn sí ojú dígí yẹn díẹ̀, kó ju èyí tó wà lápò sínú odó dípò èyí tó wà nínú abọ́. Omi àlùkò á ṣá. Òótọ́ ni ẹ̀rọ máa sọ, àmọ́ èrú ni Ìbíyẹmí máa fi mú un sọ ọ́. Bó bá sì gún ti inú abọ́, kò sẹ́ni tó máa lè na ìka sí i pé ó ṣe èrú, irọ́ sì ni ẹ̀rọ máa pa mọ́ ewúro ìyá rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò títí. Lẹ́yìn náà ó fà á jáde lófìfo. Ó rò ó pé ọ̀nà mìíràn wà, ọ̀nà tí kò ní èrú nínú. Ó pe ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Wọ́n ti fọ gbogbo agbára rẹ̀ dànù. Bí mo bá wọ̀n ọ́n báyìí, kì í ṣe ewúro ni mo wọ̀n."

Ọ̀gá Akínfẹ́nwá bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́ náà, ó fi ìka tẹ ìṣù kan. "Wọ́n mọ̀ ọ́n fọ̀ o," ló wí. "Ìyá mi àgbà ló máa ń fọ̀ ọ́ báyìí."

"Ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n lọ mú tútù wá, sà."

"Ìbíyẹmí." Kò gbé ohùn sókè. "O ò tíì sí lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí báyìí, ó lè jẹ́ pé o ò rí i. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ti rí koríko á gún un sínú ìgò, á ní ó ń dá ìpáàrà dúró. Èmi ra. Mo gbé e fún ìyàwó mi, ó ń mu ún, òkúta ọwọ́ ẹ̀ ń pọ́n, mo ń ra òmíràn. Omi koríko ni mo ń fún un títí ó fi lọ." Ó tún fi ìka kan etí abọ́ náà. "Ìdí nìyí tá a fi ń sọ pé ohun tó wà nínú abọ́ ni ẹ̀rí. Bí wọ́n ṣe gbé e wá ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ fífọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, fífọ̀ náà ló ń wọ ara wọn, kò sì ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Àbí irọ́ ni?"

"Wọn kì í fọ̀ ọ́ báyìí fún ara wọn, ọ̀gá. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

Ọ̀gá Akínfẹ́nwá dúró gangan. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Níta, lẹ́yìn aṣọ dúdú, bàbá ẹlẹ́fínrín ṣì ń ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú àwọn tó jókòó níbẹ̀, ó ní ìyàwó òun á gbà báyìí pé òun mọ oko ṣe. Obìnrin kan sì fèsì láàárín wọn, ohùn tí Ìbíyẹmí ìbá mọ̀ nínú oorun.

"Ẹ kú oríire o, bàbá. Tiwa náà á dún, lágbára Ọlọ́run."

Ọ̀gá Akínfẹ́nwá wo aṣọ dúdú, ó wo abọ́, ó wá wo ojú Ìbíyẹmí. Kò sí ìkà lójú rẹ̀. Èèyàn kan tó ń ṣọ́ ohun kan tó ná an ní ìyàwó ni.

"Ìbíyẹmí, ṣé o mọ ẹni tó ni abọ́ yìí?"

Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ pàdánù omi, bàbá ẹlẹ́fínrín pàdánù omi, gbogbo ẹni tó ti jó lọ sílé láàárọ̀ yẹn pàdánù omi, òun fúnra rẹ̀ á sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò lábẹ́ Àtíbàbà. Bó bá sọ pé rárá, oko kan ṣoṣo ni. Ó ṣe ìṣirò yẹn kíá, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Títí tó fi darúgbó ni yóò máa rò ó pé bóyá ìṣirò ni, bóyá ìbẹ̀rù lásán ni, kò sì ní mọ̀ láéláé.

"Rárá, ọ̀gá," ló wí. "N ò mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa. Wọ̀n ọ́n."

Ó já ìṣù kan, ó gún un, ó fún omi rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá bó ṣe máa ń yá, èyí sì dùn ún. Ó kán omi náà sínú ìgò. Omi àlùkò kò ṣe nǹkan kan. Ó tún kán an. Ó gbé ojú lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ara rẹ̀ bí ẹní ń bẹ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun, ó ní kó ṣá díẹ̀, díẹ̀ péré, kó jọ ohun tí wọ́n lè jiyàn lé lórí. Bó ṣe dúdú ló ṣe dúdú.

"Ewé yìí kò lágbára," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ẹ kú ìfaradà. Ẹ pa omi oko rẹ̀."

Níta, kọ́kọ́rọ́ kankan kò dún. Kọ́kọ́rọ́ kì í dún bó bá ń kú. Ìbíyẹmí fi àkísà àdìrẹ bo abọ́ náà, ó sì tì í padà sábẹ́ aṣọ. Ó rí ọwọ́ tó gbà á, ọwọ́ àgbàlagbà tí ewúro ti pa èékánná rẹ̀ láró, ó sì gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún ẹni tí kò rí pé, "Ẹ ṣeun o, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ gbé èyí tó kàn wá," ni Ẹlẹ́rìí wí, Ìbíyẹmí sì gbé e.

Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, kò lọ síbi oúnjẹ. Ó gba ẹ̀yìn ilé jáde, ó ń wá ìyá rẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó ti lọ, ó sì tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì lọ. Abẹ́ Àtíbàbà kún bó ṣe máa ń kún lọ́sàn-án. Aṣọ ńlá náà bo ìlú láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ ọjà, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá sì ń sọ ojú gbogbo èèyàn di àwọ̀ ewé. Àwọn èèyàn ti tò síwájú àgbá agbo pẹ̀lú ife wọn, wọ́n gbé ọwọ́ tí ẹ̀gbà wà sókè kí ẹni tó ń bu agbo lè rí òkúta wọn. Ìbíyẹmí wo ìlà náà, ó sì ti ń rí àyè tí ìyá rẹ̀ máa dúró sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, níwájú tàbí lẹ́yìn obìnrin kan tó gbé ìjókòó rẹ̀ wá láti ilé.

Ó bá ìyá rẹ̀ ní etí Àtíbàbà, níbi tí òjìji parí sí. Ó jókòó sórí pèpéle, abọ́ tánganran wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà nínú òjìji. Ó na apá kan síta, sínú oòrùn tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kó kan ara òun, ó sì di kọ́kọ́rọ́ omi rẹ̀ mú ní ìka méjì.

"Màmá, ẹ fa ọwọ́ yín wọlé."

"Àwẹ̀ró! Ìwọ rèé?" Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là. "Má dá mi lóhùn, ilé ni mo ń lọ. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni mo ń sá sí oòrùn. Ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ti bàbá ẹlẹ́fínrín dún, wàá rò pé aago ni. Tèmi kàn dákẹ́ lọ́rùn mi."

Ìbíyẹmí jókòó tì í. Ó di apá ìyá rẹ̀ mú, ó fà á wọlé jẹ́jẹ́. Apá náà gbóná.

"Màmá, kò rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti pa á."

Ìyá rẹ̀ wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn lè wà níbẹ̀. "Ewúro mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n ní ewúro ìyá mi ò lágbára?"

Ìbíyẹmí ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti ìgbà tó ti kúrò nídìí tábìlì. Ó fẹ́ sọ fún un pé ewúro náà lágbára, pé kò sí èyí tó tó o ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, pé fífọ̀ ló bà á jẹ́. Àmọ́ bó bá sọ ìyẹn, ìyá rẹ̀ á mọ̀ pé ọwọ́ òun lòun fi pa oko òun. Bí kò bá sì sọ ọ́, ìyá rẹ̀ á gbà pé ohun tí àwọn ìyá òun gbìn kò wúlò rí. Kò mọ èyí tó dára jù nínú méjèèjì, nítorí náà ó sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

Ó retí kí ìyá rẹ̀ kígbe. Ó tilẹ̀ fẹ́ kó kígbe, kó pè é ní ọmọ burúkú níwájú gbogbo àwọn tó ń tò fún agbo. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, ohun tó sì wá sójú rẹ̀ kì í ṣe ìbínú.

"Ìwọ ni? Ọwọ́ ẹ ló bọ́ sí?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"O rí i nígbà yẹn."

"Mo rí i."

"Ṣé o rí bó ṣe mọ́?" Ìyá náà sún mọ́ ọn. "Kò sí iyanrìn kankan níbẹ̀."

"Kò sí, mà."

"Omi mímu mi ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo ń tọ́jú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́ gaara, àfi bí ìgbà àwọn àna ẹ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọn ò fi ọ́ rẹ́rìn-ín?"

Ìbíyẹmí ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó kan ewé tútù náà níbẹ̀, iyanrìn oko ń rún mọ́ ọn ní ìka.

"Wọn ò rẹ́rìn-ín, Màmá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín."

"Ojú ò tì ọ́?"

"Ojú ò tì mí, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó gbé abọ́ náà lé itan, ó fi àkísà àdìrẹ nu ibi tó ti hó létí rẹ̀. Ìbíyẹmí mú ewé kan jáde lápò, ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn rẹ̀, ó sì korò débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé kíkorò náà ni. Ó fi ọwọ́ nù ún fún un, lẹ́yìn náà ó tún na kọ́kọ́rọ́ náà síta oòrùn.

"Jẹ́ n fi í síbẹ̀ díẹ̀ sí i," ló wí. "Bóyá á tàn."